Ìkìlọ̀ Tí Mo Gbọ́ Lójú Òfurufú Tí N Kò Sọ fún Ẹni Tó Wà Nílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé nígbà tí alàgbà bá dìde láti sọ ìran tó rí, ẹ máa ń retí pé ti ẹlòmíràn ni yóò sọ, pé ó rí lágbájá nínú ewu, kí lágbájá lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ti òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ara mi ni mo rí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin, nítorí bí mo bá dúró lágbede méjì, n kò rò pé n óò tún ní ìgboyà láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni. A wà nínú ààwẹ̀ ìjọ, èmi ni mo sì ṣáájú àdúrà ọ̀sán. Mo gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò, mo ní kí Olúwa má jẹ́ kí wọ́n pàdé aburú lójú ọ̀nà, lórí omi àti lójú òfurufú. Bí mo ti dé orí 'lójú òfurufú' ni ohùn mi há. Ẹ̀yin kan bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ẹ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Kì í ṣe ẹ̀mí. Ìtìjú ni.

Nígbà tí ẹ ti lọ tán, mo wọ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, mo tẹ́ ẹní, mo dùbúlẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo fẹ́ tún gbàdúrà sí i, ọ̀rọ̀ kò wá. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi, ohun tí mo ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohun tí mo rí.

Gbogbo yín mọ̀ pé awakọ̀ bàálù ni mí. Lójú òfurufú, awakọ̀ kò lè rí gbogbo ibi. Ẹnì kan wà nílẹ̀ tó jókòó nínú yàrá kan, tó ń wo gbogbo bàálù bí iná kékeré lójú ẹ̀rọ. Òun ló ń sọ fún wa lórí rédíò pé kí ẹni yìí gòkè, kí ẹni yẹn sọ̀kalẹ̀, kí a má baà kọlu ara wa. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ènìyàn lè ṣàṣìṣe, ẹ̀rọ kan tún wà nínú bàálù kọ̀ọ̀kan. Bí bàálù méjì bá súnmọ́ra jù, ẹ̀rọ méjèèjì á bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan á pariwo fún awakọ̀ rẹ̀ pé kí ó gòkè, èkejì á pariwo pé kí ó sọ̀kalẹ̀. Òfin wa ni pé kí awakọ̀ ṣe ohun tí ẹ̀rọ náà wí lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó wà nílẹ̀, nítorí pé ẹni ilẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀rọ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, kì í hàn lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí awakọ̀ kò bá sọ, kò mọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà mo ń gbé èrò bọ̀ láti òkè ọya. Túndé ni igbákejì mi, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó mọ iṣẹ́. Ẹni tó ń darí wa láti ilẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Mojísọ́lá. Ó sọ gíga tí ó yẹ kí n wà fún mi, ó ní kí n tún un sọ fún òun, mo sì sọ ọ́ gbàgẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá, kí n tún un sọ dáadáa. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo awakọ̀ tó wà lórí rédíò sì ń gbọ́. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun. Mo sọ fún Túndé pé, "Ọmọ tí mo lè bí ni yóò wá máa kọ́ mi níṣẹ́."

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ni Túndé wí.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀rọ pariwo pé kí a gòkè. Mo fa bàálù sókè. Ọwọ́ Túndé lọ síbi bọ́tìnì rédíò láti sọ fún obìnrin náà. Mo di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Ó gbọ́n ju gbogbo wa lọ, jẹ́ kí ó fi ọgbọ́n rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ń gbé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ó lé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

Lójú ẹ̀rọ Mojísọ́lá, iná kékeré méjì súnmọ́ra. Kò mọ̀ pé mo ti ń gòkè. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nípò rẹ̀ ìbá ṣe, ó ní kí bàálù kejì gòkè kíákíá. Nínú bàálù kejì yẹn, ẹ̀rọ ń pariwo pé kí awakọ̀ sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ náà tẹ̀lé ohùn obìnrin náà, ó gòkè, ó sì ń bọ̀ wá sí ibi tí èmi náà ń lọ. Nígbà tó fi ojú ara rẹ̀ rí wa, ó tẹ imú bàálù wálẹ̀ lójijì, ó gba abẹ́ wa kọjá. Mo rí àwọn fèrèsé rẹ̀. Mo rí orí ènìyàn nínú àwọn fèrèsé náà.

A kò kọlura. Ẹnì kankan kò kú. Ṣùgbọ́n nínú bàálù kejì náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yétúndé ń pín omi fún àwọn èrò. Bí bàálù ti já wálẹ̀ ni ó fò lọ sókè, ó fi ẹ̀yìn gbá òrùlé, ó sì ṣubú lé apá ìjókòó. Láti ọjọ́ náà kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́.

Ìgbìmọ̀ kan pè wá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ mi kìlọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá mo sọ fún ẹni ilẹ̀. Mo wo ojú wọn, mo ní, "Mo sọ fún un. Bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lẹ́ẹ̀kan náà, tó bo ohùn mi mọ́lẹ̀." Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gbà á. Wọ́n bi Túndé. Kí a tó wọlé ni mo ti fà á sẹ́yìn ilé, tí mo rán an létí pé èmi ni n óò kọ̀wé lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá awakọ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní bí ọ̀gá òun ṣe wí náà ló rí. Wọ́n ní Mojísọ́lá ló darí bàálù méjì sí ojú kan náà. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo wá síbí, mo ní Ọlọ́run yọ mí nínú ewu. Ẹ bá mi jó. Ẹ̀yin ìyá pàápàá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí n gba orí rẹ̀ kọjá.

Ohun tó ń yí lọ́kàn mi lórí ẹní náà nìyẹn, títí oorun fi gbé mi lọ.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Bánkọ́lé, dìde." Mo la ojú, mo rí ọkùnrin kan tó dúró lókè orí mi. Aṣọ funfun rẹ̀ kò dé ọrùn-ẹsẹ̀, eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Mo dìde, mo wẹ̀yìn, mo sì rí ara mi tí mo ṣì sùn lórí ẹní, tí mo la ẹnu sílẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀lé òun. Mo fẹ́ bèèrè ibi tí à ń lọ, mo sì rí i pé mo ti mọ̀.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé jẹ́ pápá gbígbẹ tí kò ní igi kan. Ooru ilẹ̀ náà ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé. Àwọn ènìyàn jókòó ní ìlà-ìlà títí ojú kò fi lè tó ìparí wọn, wọ́n la ẹnu, iyanrìn gbígbóná sì ń tú jáde lẹ́nu wọn láìdá. Bí ó ti ń tú jáde ni ó ń kó jọ yí wọn ká, ó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbọ́n ọn kúrò, ọwọ́ wọn ń bó.

Mo ní, "Àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ."

Mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan láàárín wọn tó jọ ẹni iyì. Iyanrìn tirẹ̀ kò pọ̀, kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, síbẹ̀ òun ló rì jù, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó yà mí lẹ́nu. Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló dé.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó purọ́ láyé rẹ̀. Ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀." Ó ń lọ. N kò bi í léèrè mọ́.

A gba ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá kan tí kò ní òrùlé kọjá. Oòrùn ọ̀sán gangan ló wà lókè rẹ̀, kò sì kúrò lójú kan. Ọkùnrin àti obìnrin wà nínú rẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n ń sá láti igun dé igun. Aṣọ wà nílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e, á di omi lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àgbà àti ẹsẹ̀ ọmọ wẹ́wẹ́, bí ẹni tó ti ọjà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìró náà ń súnmọ́, ó ń súnmọ́, kì í dé. "Alágbèrè," ni amọ̀nà mi wí. "Àwọn ará ilé wọn ni wọ́n ń gbọ́." Obìnrin kan rí mi tí mo ń wò ó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, kò bo ara.

Lẹ́yìn náà ni a sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì kan. Àwọn ènìyàn dojú bolẹ̀ níbẹ̀, bàtà sì ń rìn lórí wọn. Bàtà ni mo wí, ẹ̀yin ará. Kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn. Bàtà ṣọ́jà wà níbẹ̀, bàtà obìnrin onígìgísẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà olówó àti bàtà tíṣà. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn náà, olúkúlùkù ń jẹ ìrora lábẹ́ bàtà tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ láyé.

Ó ní, "Àwọn tó fi ipò wọn tẹ ẹni tó wà lábẹ́ wọn mọ́lẹ̀ nìyí."

Nígbà náà ni mo rí bàtà dúdú méjì kan tí a dán títí ó fi ń tàn. Wọn kò rìn lórí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè kan tó ṣófo, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Ìyàwó mi ló máa ń dán wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi, n kò wọ bàtà.

Amọ̀nà mi dúró dè mí kí n fi gbogbo ojú wò wọ́n tán, lẹ́yìn náà ó yípadà, ó ń lọ, mo sì sáré tẹ̀lé e nítorí pé n kò fẹ́ kí ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

A dé ẹnu yàrá gígùn kan. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì tutù, kò jọ ọ̀run àpáàdì rárá. Àga wà níbẹ̀ tí a tò ní ìlà, níwájú àga kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ kan wà tó ń tàn. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, omi ń bọ́ lójú wọn. Ó sọ díẹ̀ nínú wọn fún mi. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tó rí i pé oògùn tí wọ́n fẹ́ fún aláìsàn kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sọ nítorí pé òun àti dókítà kò rẹ́. Ọ̀kan jẹ́ onílé tó mọ̀ pé ògiri ilé òun ti sán, tó gba ayálégbé síbẹ̀. "Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀," ni ó wí, "wọ́n sì pa á mọ́ fún ẹni tí kò gbọ́."

Ó na ọwọ́ sí àga kan tó ṣófo. Ó ní, "Jókòó."

Mo jókòó, ojú ẹ̀rọ náà sì tàn, mo rí iná kékeré méjì lórí rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ènìyàn ló wà nínú wọn, mo gbé ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ sẹ́nu, mo ní kí ẹni tó wà lókè dá mi lóhùn, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, kò sí ohùn, mo tún pè, kò sí ohùn, iná méjèèjì ń súnmọ́ra, mo rò pé bí mo bá ní kí èyí gòkè bóyá èkejì náà ń gòkè, bí mo bá ní kí ó sọ̀kalẹ̀ bóyá èkejì náà ń sọ̀kalẹ̀, bí mo bá sì dákẹ́ wọ́n á kú, mo ń pè, mo ń bẹ̀, mo ń fi Ọlọ́run bẹ ẹni tó wà lókè yẹn pé gbólóhùn kan péré, kí ó sọ gbólóhùn kan péré fún mi, ojú ẹ̀rọ náà sì ṣí bí fèrèsé, mo rí inú bàálù, mo rí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tó gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi tó sì di ọwọ́ ọmọ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, èmi ni, èmi ni mo jókòó níbẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Iná méjèèjì di ọ̀kan. Wọ́n kú. Lẹ́yìn náà wọ́n tún tàn ní igun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀.

N kò mọ iye ìgbà tí mo jókòó síbẹ̀. Nígbà tí amọ̀nà mi fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ohùn mi ti há. Mo ní, "Ṣùgbọ́n wọn kò kọlura. Lóòótọ́, wọn kò kọlura."

Ó ní, "Kì í ṣe nítorí ìwọ."

Ó mú mi jáde, a gun òkè kan, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Ó dà bí àárọ̀ lẹ́yìn òjò, nígbà tí ewé ṣì ń kán tótó. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó ń sinmi. Ẹ dárí jì mí, n kò rí ìtẹ́ wúrà. Mo rí ènìyàn tó jókòó pẹ̀lú ènìyàn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n fara balẹ̀ bí ẹni tí kò ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè rí lára rẹ̀ tí yóò dójú tì í. N kò mọ̀ pé irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ wà. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí.

Ọkùnrin kan dìde láàárín wọn, ó wá pàdé mi. Bàbá Ìdòwú ni, mẹ́káníìkì tó máa ń tún bàálù wa ṣe kí ó tó kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti òun. Lọ́jọ́ kan, a ti kó èrò sínú bàálù tán, mo ti fẹ́ gbéra, Bàbá Ìdòwú sáré wá síwájú wa, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òun kò rí sípánà òun kan mọ́, bóyá inú ẹ́ńjìnnì ni òun gbàgbé rẹ̀ sí. A kó gbogbo èrò sílẹ̀. A pẹ́ títí ọ̀sán. Mo bú u lójú gbogbo ènìyàn, mo pè é ní arúgbó tí kò mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, òun tó jù mí lọ ní ọdún méjìlá.

Ó wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní, "Sípánà ọjọ́sí, inú àpò mi ló wà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí i. N kò mọ̀ lóòótọ́ nígbà tí mo dá yín dúró, mo kàn sọ pé n kò mọ̀." Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ tẹ̀lé e lọ sáàárín wọn. Nígbà náà ni ohun tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti àyà mi. Ohùn ẹ̀rọ ni. "Gòkè. Gòkè." Mo fi ọwọ́ tẹ àyà mi, ó ń jáde láàárín ìka mi. Mo wúkọ́ kí n lè bò ó mọ́lẹ̀, ó tún le sí i. Gbogbo àwọn tó jókòó gbọ́ ọ. Ẹnì kan kò bú mi, ẹnì kan kò lé mi. Wọ́n kàn rọra gbé ojú kúrò lára mi, bí a ti ń ṣe nígbà tí aṣọ bá já lára àgbàlagbà níta. Bàbá Ìdòwú pàápàá wo ilẹ̀.

Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde. Mo wólẹ̀ fún amọ̀nà mi, mo ní, "Ẹ bá mi pa á lẹ́nu mọ́."

Ó ní, "Ìkìlọ̀ ni. Kì í dákẹ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín."

"Ta ló ni ín?"

Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. Ó ṣì wà láàyè, ìwọ náà sì wà láàyè. Padà."

Mo jí. Oòrùn ojú fèrèsé kò tí ì kúrò lára ẹní. Aṣọ mi ti rin gbindin fún òógùn, mo sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà.

N kò lọ sílé. Mo jókòó níbẹ̀, mo pe Túndé lórí fóònù. Mo ní, "Túndé, mo fẹ́ lọ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn." Ó ní, "Sà, láti ọdún méjì ni mo ti ń retí ìpè yìí." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ìlú tí Mojísọ́lá ń gbé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò ní ilé ìwé kan nísinsìnyí. Ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Nígbà tí mo dárúkọ ara mi, obìnrin náà gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, sà." N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ìbínú mi lórí rédíò, mo sọ ti ọwọ́ Túndé, mo sọ ti ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí ǹ bá ṣe, ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ó ní, "Ǹ bá dákẹ́. Òun náà ni iṣẹ́ wa. Bí awakọ̀ bá ti sọ pé ẹ̀rọ ti bá òun sọ̀rọ̀, a ó dákẹ́, a ó fi ẹ̀rọ méjèèjì sílẹ̀ láti yà wọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ nílò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ni kí n dákẹ́. Lálaalẹ́ ni mo ń ronú pé ohùn tèmi ló dá ọmọbìnrin yẹn jókòó sórí àga onítáyà."

Mo ní, "Ohùn tèmi ni, mà. Èyí tí kò jáde."

Ó wò mí. Ó ní, "Mo kà á pé ní ilẹ̀ ibòmíràn, wọ́n ti ń jẹ́ kí ìkìlọ̀ inú bàálù hàn fúnra rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ẹni ilẹ̀, kí wọ́n má dúró de ẹnu awakọ̀ mọ́. Mo gbàdúrà kí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ẹ̀rọ ni wọn yóò wá ṣe nítorí pé ẹ̀yin kò fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀?" Ó dìde. "Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó dá mi lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bóyá n óò mọ ohun tí mo lè sọ fún yín." Kò ní òun dárí jì mí. N kò sì bèèrè.

Mo kọ ọ́. Túndé kọ tirẹ̀. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, wọ́n sì tọ́. Wọ́n ti tún pe Mojísọ́lá láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lákọ̀tun, a kò tí ì mọ ibi tí yóò já sí. Ìyàwó mi kò tí ì bá mi sọ ju 'oúnjẹ ti wà nílẹ̀' lọ.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú ilé yìí tó ti gbọ́ ohun kan tí ẹnìkejì rẹ̀ kò gbọ́. Ó lè jẹ́ nípa bíréèkì ọkọ̀ kan, nípa àìsàn kan, nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. O pa á mọ́ nítorí pé ẹni náà rí ọ fín, tàbí nítorí pé wọn yóò bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi pẹ́. Mo rí àga yẹn. Ó tutù, kò jóni, mo sì fi Ọlọ́run tó dá mi padà búra fún yín pé n kò ní fẹ́ kí ọ̀tá mi jókòó lórí rẹ̀. Kúrò níbí, kí o lọ sọ fún un lónìí.

Ní tèmi, ó ku ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé Yétúndé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ ti tilẹ̀kùn. Lánàá ó ránṣẹ́ pé ọmọ òun ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé ọmọ náà fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹ má gbàdúrà pé kí ó dárí jì mí. Ẹ gbàdúrà pé nígbà tí mo bá jókòó níwájú rẹ̀, kí n lè sọ ọ́ tán.